Ọmọ Tó Ní "Ká Má Purọ́" Kò Gọ̀

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Bí mo bá kàwé tán fún àwọn ọmọ ọdún 6, tí mo bi wọ́n pé ẹ̀kọ́ wo la rí kọ́, gbogbo wọn á pariwo pé "ká má purọ́", kódà bí ẹnikẹ́ni ò purọ́ nínú ìwé náà. Ṣé kí n ra káàdì ẹ̀kọ́ ìwà tí wọ́n ń tà kiri ni? Ibo sì ni kí n máa to ìwé ìtàn àbáláyé sí?

Ìdáhùn: Ká ti ibi tó rọrùn mú un. Nínú ètò Dewey, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to ìwé sí yàrá ìkàwé, 398.2 ni ti ìtàn àbáláyé.

Ó ku ti àwọn ọmọ. Orí wọn pé, ìbéèrè yín ni kò dáa. Ẹ má bínú o, ẹnì kẹrin tó bi mí léèrè èyí lóṣù yìí lẹ jẹ́, àwọn oníkáàdì yẹn sì ti sú mi. Ọmọ náà ti ṣàkíyèsí pé bí ìtàn bá ti parí, àgbàlagbà á fẹ́ gbọ́ gbólóhùn kan kó tó jẹ́ kí òun dìde. Ó bá mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ọgbọ́n nìyẹn.

Ta ló sọ pé ẹ̀kọ́ ìwà ni ìtàn? Ẹnìkan ń wá nǹkan, nǹkan dí i lọ́nà, ó ta ọgbọ́n sí i, ó já síbì kan: ìtàn nìyẹn. Ọmọ ọdún 6 lè tọ ipa èyí, torí ó ń rí i nínú àwòrán. Kó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan bí "òtítọ́", iṣẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Ẹ má sì fi "ibùdó ìtàn" àti "àhunpọ̀ ìtàn" dẹ́rù bà wọ́n. "Níbo ló wà? Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?" ti tó.

Èmi náà ti ṣe é rí. Mo ka ìwé ọmọ ológbò kan tó sọnù nínú òjò, mo pa ìwé dé, mo béèrè ẹ̀kọ́. Ọmọkùnrin kan tó ti na ọwọ́ tipẹ́ ní, "Ìyá ẹ̀ dà?" Mo ní kó jókòó, ìyẹn kọ́ ni mo béèrè. Nígbà tí mo tún ìwé náà yẹ̀ wò, lóòótọ́ ni, ìyá ológbò ò sí níbì kankan. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ló wá a.

Torí náà, ẹ ka ìwé já lẹ́ẹ̀kan láìdá a dúró. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún un kà (àwa ni àtúnkà ń sú, kì í sú wọn), kí ẹ dúró gẹ́lẹ́ níbi tí wàhálà ti dé, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ ojú ewé tó kàn mọ́lẹ̀: "Kí lẹ rò pé ó máa ṣe?" Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení dé ẹ̀wá sínú. Lọ́dún 1988, olùṣèwádìí kan tó ń jẹ́ Grover Whitehurst àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ àwọn òbí ọmọ kékeré láti máa béèrè irú ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" ò lè dáhùn, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀ kún ohun tí ọmọ bá sọ. Láàárín oṣù kan, ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ yẹn ti ju tàwọn tí wọ́n kàn ń kàwé fún lọ.

Owó káàdì, ẹ fi ra ìwé.

Bí ọmọ kan ò bá rí nǹkan kan sọ lẹ́yìn tó ti gbọ́ ìtàn lẹ́ẹ̀mẹta, tí kì í sì í yíjú bí ẹ bá pè é, ẹ rọra sọ fún òbí rẹ̀ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì rí ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé e wá síwájú ná. Ó lè jẹ́ àwòrán ni kò rí.