Èsì: Spur Slash tó ń rún léyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní látìgbà tí ẹ ti pààrọ̀ motor Slash 2WD yín, ọkọ̀ ìṣeré tí à ń fi rímóòtù wà, ni eyín spur (jíà ńlá tí motor ń yí) ti ń rún. Ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ kọ́kọ́ wo pinion tuntun yẹn, jíà kékeré orí motor: 48 pitch (ìwọ̀n bí eyín jíà ṣe tóbi sí) ni spur tó bá ọkọ̀ náà wá. Bí pinion bá jẹ́ 32, wọn ò lè bára mu láéláé.

Bí wọ́n bá bára mu, àlàfo àárín wọn ni kí ẹ tún ṣe. Ẹ ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi í sí àárín jíà méjèèjì, ẹ ti motor mọ́ ọn, kí ẹ wá dè síkúrù. Ẹ fọwọ́ yí i kí bébà jáde: ó yẹ kó ṣẹ́po wọ́gọwọ̀gọ, kó má ya. Bó bá ya, ó ti há jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kán threadlock (gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú) sí síkúrù motor, torí gbígbọ̀n ló ń tú u. Ẹ má sì jẹ́ kó kan ike.