Bí Ajá Yóò Ṣe Bá Yín Dé Ìlọrin

Iléyá ku oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tó wọlé sọ́dọ̀ èmi dókítà ẹranko ní Ìkòròdú lóṣù yìí, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n dá lé: a ń rìnrìn àjò, kí la ó ṣe sí ẹran ọ̀sìn tó wà nílé? Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Èyí tó ká mi lára jù ni mo fi ṣíwájú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara dà á bí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn.

ÌBÉÈRÈ: Màmá Dókítà, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́. Ìta Ẹlẹ́wà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. A fẹ́ lọ ṣe Iléyá lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ mi ní Ìlọrin, a ó sì lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Aládùúgbò tó máa ń bá wa tọ́jú ajá wa, Bíńgò, ti kó lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Bíńgò, ajá ìbílẹ̀ ni, kò sì wọ mọ́tò rí láti ọjọ́ tí a ti gbé e wálé. Corolla la ní, àwa méjì àti ọmọ mẹ́ta la ó sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi ní kí a gbé e sí búùtù, kí a fi igi há ìdérí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tún ní kí a fún un ní oògùn ikọ́ àwọn ọmọ, èyí tó máa ń mú wọn sùn, pé kò ní jí títí a ó fi débẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí méjèèjì. — Ìyá Ìbejì, Ìta Ẹlẹ́wà

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ọkàn yín tí ò balẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì ka èsì yìí sí wọn létí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin kan sáré wọ ọgbà mi, ó gbé ajá Lhasa funfun kan mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìbàdàn ló ti ń bọ̀. Búùtù ló gbé ajá náà sí, ó fi igi há ìdérí gẹ́lẹ́ bí ọkọ yín ṣe wí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi dá a dúró ní Ògìjo, nínú oòrùn aago kan ọ̀sán. Nígbà tó máa fi ṣí búùtù, ahọ́n ajá ti yọ síta, itọ́ ẹnu rẹ̀ ki bí ẹ̀kọ, erìgì rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mo wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó lé ní 42 lórí ìwọ̀n Celsius. Ajá tí ara rẹ̀ dá, 38 sí 39 àti díẹ̀ ni tirẹ̀. Mo da omi sí i lára, mo fẹ́ ẹ, mo fa omi sí i nínú iṣan. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tó fi kú. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò lè dìde. Ó fẹ́ràn ajá yẹn gidigidi. Ẹnikẹ́ni ò kàn sọ fún un rí ni, òun sì ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin báyìí.

Àwa èèyàn máa ń làágùn káàkiri ara, bí òógùn náà bá ti ń gbẹ, ara ń tutù. Ajá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ti ń làágùn, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru kúrò lára. Tí atẹ́gùn tó ń fà símú bá ti gbóná tó ara rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kó mí tó, agbára káká ni ara rẹ̀ yóò fi tutù. Lọ́jọ́ tí ìta bá gbóná tó 30 lórí ìwọ̀n Celsius, inú mọ́tò tí a tì sínú oòrùn yóò ti tó 40 láàárín ìṣẹ́jú 10, yóò sì súnmọ́ 46 bó bá di ìṣẹ́jú 20. Gíláàsì tí a ṣí ní ìka méjì kò tu ú lára tó bí ẹ ṣe rò. Torí náà, kì í ṣe búùtù nìkan ni mò ń bá yín sọ: bí ẹ bá dúró ra nǹkan lọ́nà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá Bíńgò sọ̀kalẹ̀. Ní ti igi tí ọkọ yín fẹ́ fi há ìdérí, àlàfo yẹn náà ni èéfín sàlẹ́ńsà máa ń gbà wọlé. Èéfín yẹn ń pa èèyàn, ó ń pa ajá.

Oògùn ikọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e jù sílẹ̀ pátápátá. Ajá tí oògùn bá kùn lójú kò ní lè mí hẹlẹhẹlẹ bó ṣe yẹ nígbà tí ooru bá mú un, kò sì ní lè dúró dáadáa bí mọ́tò bá kó sí kòtò, ẹ sì mọ ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn oògùn ikọ́ kan ní parasitamọ́ọ̀lù nínú, àwọn mìíràn ní ohun adùn tí wọ́n ń pè ní xylitol, èyí tó jẹ́ májèlé fún ajá. Bí ẹ bá rí i pé èébì ń gbé Bíńgò nínú mọ́tò, ẹ gbé e wá kí n wọ̀n ọ́n, oògùn èébì tí ajá ń lò wà, a ó fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ibi tó yẹ kó wà ni ilẹ̀ mọ́tò, lẹ́yìn ìjókòó ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, níbi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹ tẹ́ ẹní tàbí aṣọ ògbólógbòó tó ti ń sùn lé nílé, kí òórùn ilé wà lára rẹ̀. Ẹ má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn nínú mọ́tò, torí bí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì, ọrùn ni yóò fi jìyà rẹ̀. Okùn àyà ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó gba àyà àti abẹ́ apá kọjá. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ mú okùn báàgì tó nípọn lọ bá télọ̀, kó wọn àyà ajá, kó sì rán an. Mo ti rán mẹ́rin báyìí fún àwọn oníbàárà mi, kò sí èyí tó já. Ẹ fi bẹ́líìtì ìjókòó gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa ṣí gíláàsì fún un kó yọrí síta. Ó máa ń dùn mọ́ ajá, àmọ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí tírélà ń ta sókè lè fọ́ ọ lójú.

Ẹ ṣì ní oṣù kan, ẹ lò ó dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé e sínú mọ́tò tí ẹ ò tíì tan iná rẹ̀, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ má lọ síbì kankan. Ẹ wá wà á dé Sábó kí ẹ padà, kí ẹ tún wà á dé Ìgbógbó. Ajá tó bá ń dá itọ́, tó ń yán, tó ń lá ètè rẹ̀, òòyì mọ́tò ló ń kọ́ ọ yẹn, kì í ṣe ebi. Nínú oṣù yìí kan náà ni kẹ́ ẹ gbé e wá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, ó yẹ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán kó tó rìnrìn àjò, kí agbára abẹ́rẹ́ náà lè dúró nínú ara. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání lọ. Bí ajá àjèjì bá bu ọmọ aládùúgbò jẹ ní Ìlọrin, káàdì yẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa béèrè. (Ẹni tí ajá bá bù jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Dìgbòlugi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn lára èèyàn kò gbóògùn mọ́.)

Ẹ fún un lóúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò. Láàárọ̀, omi nìkan. Ẹ tètè jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí oòrùn tó le, ẹ ó ti ré Ìbàdàn kọjá. Ẹ máa dúró lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì: Ògèrè, Ọ̀yọ́, Ogbómọ̀ṣọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ní Ògèrè, ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ ti wà lára ṣéènì kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní ajá tó rí mọ́tò tó dúró, ó fi ara rẹ̀ bọ Ògún. Ní Ògèrè, kì í ṣe mọ́tò kan, tírélà lọ súà ni. Omi ilé ni kẹ́ ẹ gbé dání fún un, inú àwọn ajá kan máa ń bàjẹ́ bí omi bá yí padà. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ju ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ sí i. Àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Bí ẹ bá rí i tí mímí rẹ̀ kọjá ààlà, tí erìgì rẹ̀ pọ́n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ da omi lásán sí i níkùn, nítan àti lẹ́sẹ̀. Ẹ má lo omi yìnyín, ẹ má fi agbára da omi sí i lẹ́nu. Ẹ máa fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ ìtòsí Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ forí lé. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti súnmọ́ Ìlọrin, Yunifásítì Ìlọrin náà ní tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ìwé yín kò mẹ́nu bà, èmi sì kà á sí pàtàkì. Ṣé àwọn òbí ọkọ yín mọ̀ pé ajá ń bọ̀? Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí kì í fẹ́ kí ajá wọ yàrá tàbí kó súnmọ́ ibi tí wọ́n ti ń kírun, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ ní ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa wà, pé ẹ ó gbé abọ́ tirẹ̀ wá, àti pé ẹ̀yin fúnra yín ni yóò máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ gbé Bíńgò wá sọ́dọ̀ mi kẹ́ ẹ tó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Àgbádárìgì ni mò ń gbé. Mo fẹ́ gba ibodè Ṣèmè kọjá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin lọ lo oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fẹ́ mú ajá mi kékeré àti òdídẹrẹ́ mi dání. Ṣé ìwé wà tí wọ́n máa béèrè? — Arìnrìn-àjò, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Fún ajá, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi pẹ̀lú káàdì rẹ̀, àti ìwé ìlera láti ọwọ́ dókítà ẹranko. Ìwé ìlera tí yóò bá a kọjá ibodè, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní NAQS (Nigeria Agricultural Quarantine Service) ló ń fúnni. Ẹ lọ bá wọn ṣáájú, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kọjá. Ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀ nílé, kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ yẹn.

Òdídẹrẹ́, ẹ má gbé e. Láti ọdún 2017 ló ti wà lára àwọn ẹyẹ tí òfin àgbáyé dáàbò bò jù lọ, nítorí pé wọ́n ti kó wọn nínú igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láìsí ìwé àṣẹ, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ yín ní ibodè, ẹ̀yin náà yóò sì dúró sọ tẹnu yín.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́, ilé tí mo gbà lóde ọgbà ni mò ń gbé, àmọ́ Ìgbógbó ni ilé wa. Mo fẹ́ gbé ológbò mi padà síléèwé. Dúdú ni. Lọ́jọ́sí ní gáréèjì, dírẹ́bà kan lé mi bọ́ọ́lẹ̀, àwọn èrò sì ń pariwo pé àjẹ́ ni mo gbé wọ mọ́tò. Mo sunkún padà sílé. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìgbógbó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Kò sí àjẹ́ kankan lára ológbò rẹ. Àwọ̀ irun rẹ̀ ni dúdú, bí àwọ̀ ewúrẹ́ dúdú tí àwọn èrò kan náà ń gbé wọ mọ́tò láìwí nǹkan kan. Àmọ́ inú gáréèjì kọ́ lo ti máa kọ́ wọn, torí náà gba ọ̀nà mìíràn.

Lọ sí gáréèjì ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ìwọ nìkan. Bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sọ òtítọ́ fún un pé ológbò ni, kí o sì san owó ìjókòó kan fún un. Sienna tó ń gbé èrò díẹ̀ dára ju bọ́ọ̀sì ńlá lọ. Bí èyí bá kọ̀, òmíràn yóò gbà.

Má fi í sínú àpò, má fi í sínú Ghana-Must-Go, atẹ́gùn ò ní tó o. Ra apẹ̀rẹ̀ oníke méjì tó dọ́gba, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé tòmátì, dojú ọ̀kan dé èkejì, kí o sì fi okùn dì wọ́n yíká ní ibi mẹ́fà. Gbé e sílẹ̀ nínú yàrá fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, pẹ̀lú aṣọ rẹ tí o kò tíì fọ̀ nínú rẹ̀, kí ológbò máa wọlé jáde bó ṣe wù ú. Lọ́jọ́ náà, fi àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kó má máa rí gbogbo ohun tó ń kọjá, àmọ́ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan wà ní ṣíṣí. Má fún un lóúnjẹ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá dúró lọ́nà, má tú okùn yẹn, bó ti wù kó ké tó. Ológbò tó bá sá lọ ní gáréèjì àjèjì, wíwá rẹ̀ ṣòro púpọ̀. Bó bá sì ké títí tí ẹnì kan bá fún ọ ní parasitamọ́ọ̀lù pé kó o fún un, dá a padà. Hóró kan péré lè pa ológbò.

Bí o bá dé Àkúrẹ́, ti fèrèsé, ti ilẹ̀kùn, gbé omi àti abọ́ yanrìn rẹ̀ sí igun yàrá, kí o tó tú apẹ̀rẹ̀. Má fà á jáde. Jókòó sílẹ̀, máa ka ìwé rẹ. Ó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ títí di òru, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jáde sí àgbàlá kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bó bá pé ọjọ́ kan tí kò jẹun, fún un ní ẹja díẹ̀ tí kò ní ata àti àlùbọ́sà. Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò tíì fẹnu kan nǹkan, wá dókítà ẹranko tó súnmọ́ ọ ní Àkúrẹ́, má dúró dè mí.