Ẹ BI WÁ: Àbẹ́là mẹ́ta lórí tábìlì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kejì ló wà ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, ọdún kẹfà rèé. Inú ECWA la bí i sí, òun ló máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún kúáyà wa nígbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá ló sọ fún mi lórí fóònù pé òun ò gbà pé Ọlọ́run wà mọ́, pé òun àtàwọn kan tí wọ́n jọ ń ro irú ẹ̀ ti ń ṣe ẹgbẹ́. Mo sunkún títí. Ó tún wá di Disẹ́ḿbà, ó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n tan àbẹ́là mẹ́ta sáàárín, òun ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìmùlẹ̀ ni, pé ta ló ń tan àbẹ́là níbi tí iná ò ti í lọ? Ó ń bọ̀ nílé lọ́dún yìí. Ṣé kí n pe pásítọ̀ dúró dè é ni? — Ìyá kan, Ìsánlú

Ìdáhùn: Màmá, òkun o. Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀gbọ́n yín ti sọ̀rọ̀ iná yẹn, torí àbẹ́là tiwa nílé, kì í ṣe fún ẹwà la ṣe ń tàn án. Àmọ́ ẹ fọkàn balẹ̀.

Tó bá jẹ́ Disẹ́ḿbà 23 ni wọ́n ya fọ́tò yẹn, á jẹ́ pé HumanLight ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ọdún tí àwọn tí ò gba Ọlọ́run gbọ́ máa ń ṣe, New Jersey tọ́mọ yín wà yẹn náà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 2001. Àbẹ́là kan dúró fún làákàyè, ọ̀kan fún àánú, ọ̀kan fún ìrètí. Ẹnì kan á tàn án, á sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ó di ìdí oúnjẹ nìyẹn. Kò sí ìbúra, kò sẹ́jẹ̀, ọmọ kéékèèké gan-an máa ń wà níbẹ̀. Màmá, ìmùlẹ̀ wo lẹ ti gbọ́ rí tí wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wọn?

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé Disẹ́ḿbà ọ̀hún kì í ṣe ọyẹ́ tiwa téèyàn á kàn fi òrí pa ètè tí á jáde lọ. Tó bá ti tó bíi ọjọ́ 21, wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀ loòrùn ń lò lójú sánmà níbẹ̀, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, tiwa ní Yàgbà sì rèé, ó ṣì ń lé ní mọ́kànlá àbọ̀. Òtútù mú, ilẹ̀ ṣú, ọ́fíìsì tì torí họlidé ìjọba ni Kérésì lọ́hùn-ún látọdún 1870, kálukú ti gba ilé bàbá ẹ̀ lọ, ẹni tí ò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìyá ẹ̀ sì wà ní Ìsánlú, kí ló máa ṣe? Ògiri ló máa máa wò. Ohun tó ń mú wọn kóra jọ nìyẹn o. Kálukú á gbé ìkòkò oúnjẹ tiẹ̀ wá, wọ́n á ta lúdò, wọ́n á pín ẹ̀bùn, àwọn míì á lọ bá wọn di oúnjẹ sí páálí níbi tí wọ́n ti ń fún aláìní. Àwọn tó ń kọrin gan-an wà. Ní London, oníkọ́mẹ́dì méjì bẹ̀rẹ̀ ìpàdé kan tó ń jẹ́ Sunday Assembly ní Jánúárì 2013, inú ilé tó ti jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì rí ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́, wọ́n kọrin, wọ́n gbọ́ ìwàásù, Ọlọ́run nìkan ni ò sí nínú ẹ̀. (Kẹ́ ẹ sì máa wò ó, àwọn Kìrìsìtẹ́nì paraku ló fòfin de Kérésì fúnra ẹ̀ ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà kan náà, láti 1659 dé 1681, ẹni tó bá ṣe é, ó máa san ṣílè márùn-ún.)

Pásítọ̀ kẹ̀? Ẹ má dán an wò. Ọmọ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Amẹ́ríkà, tó tún jókòó láti Àbújá dé Ìsánlú lójú ọ̀nà wa yìí, tó wá bá pásítọ̀ lórí àga ní pálọ̀, ọdún tó ń bọ̀ fóònù ló máa fi kí yín. Ẹ gúnyán fún un. Lọ́jọ́ Kérésì ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ kó sin yín lọ, bí ìgbà tó máa ń bá yín gbẹ́rù lọ́jà, tó bá ní òun ò lọ, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn yín, mi ò ní purọ́ pé kò yẹ kó dùn yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó sọ òótọ́ fún yín tó ṣì ń fi fọ́tò ránṣẹ́, kò tíì sọ nù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, àwa mẹ́rin la wà ní Kàbà tá ò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Disẹ́ḿbà yìí a fẹ́ ṣe tiwa dípò àìsùn. Báwo la ṣe máa ṣe é tí wọn ò ní lé wa nílùú? — T., Kàbà

Ìdáhùn: Àbúrò, òfin wà lẹ́yìn yín, ẹ̀ka 38 nínú ìwé òfin 1999 sọ pé èrò ọkàn ẹni àti ẹ̀sìn ẹni, ọwọ́ ẹni ló wà. Tai Solarin tí kò gba Ọlọ́run gbọ́ náà dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, kò fi àdúrà àárọ̀ sí i, a sì rí àwọn òbí onígbàgbọ́ tó ń kọ́mọ lọ bá a. Ṣùgbọ́n Mubarak Bala, tí òun náà ò gba Ọlọ́run gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tó kọ sórí Facebook ni wọ́n torí ẹ̀ mú un ní Kàdúná ní 2020, ilé ẹjọ́ ní Kánò dá ẹ̀wọ̀n ọdún 24 fún un, àfìgbà tí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn gé e sí 5 ní 2024. Kàbà kì í ṣe Kánò, mo mọ̀, àmọ́ ẹ má lọ gbé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn sórí ayélujára kẹ́ ẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ ṣe é lọ́jọ́ 26, gbogbo èèyàn ló ń ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Ẹ sun iṣu, ẹ pa adìẹ kan, ẹ ta ayò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan gidi, ẹ lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọsibítù kí àìsùn tó dé, ìjàǹbá ọkọ̀ ń pọ̀ lásìkò yẹn. Ti àìsùn náà, tí màmá yín bá ń dá lọ lóru, ẹ sìn ín dẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ padà wá mú un lẹ́yìn aago méjìlá.

Ìbéèrè: Ẹni tí ò gba Jésù gbọ́, kí ló ń wá nídìí ráìsì Kérésì? — Inú ń bí mi, Mọ̀pà

Ìdáhùn: Ẹran Iléya tí Alhaji gbé wá fún yín lọ́jọ́sí ńkọ́, ẹ dá a padà ni?