Ilẹ̀ tí ayé kò kà sí orílẹ̀-èdè, ṣé kò lófin ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà. Ọmọ mi rí àyè sí yunifásítì kan ní Àríwá Sáípírọ́ọ̀sì, a sì ti sanwó fún ejẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní ayé kò ka ibẹ̀ sí orílẹ̀-èdè, pé bí wọ́n bá fìyà jẹ ọmọ níbẹ̀, kò sẹ́ni téèyàn lè pè lẹ́jọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn jóòótọ́. Sáípírọ́ọ̀sì yìí, Kípírù inú Bíbélì náà ni. Ní 1974, sójà Tọ́kì wọ erékùṣù náà, wọ́n gba apá àríwá. Ní 1983, àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kéde pé àwọn ti di orílẹ̀-èdè. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Àgbáyé ní ìkéde náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lábẹ́ òfin. Títí dòní, Tọ́kì nìkan ló gbà wọ́n.

Ibẹ̀ lòótọ́ ẹ̀gbọ́n pin sí. Èyí tó fi kún un yẹn, ó ti sú mi í gbọ́. Àsíá kọ́ ló ń fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́. Ohun tí adájọ́ ń wò ni ẹni tí agbára ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin ọmọ Sáípírọ́ọ̀sì tó jẹ́ ẹ̀yà Gíríìkì kan wà, Titina Loizidou, ọmọ Kyrenia, ìlú kan ní àríwá yẹn. Ó nílẹ̀ níbẹ̀, wọn kò jẹ́ kó fẹsẹ̀ kàn án. Ó pe Tọ́kì lẹ́jọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ní Strasbourg. Tọ́kì ní ọwọ́ òun kọ́, ìjọba àríwá ni kó lọ bá. Ní December 1996, ilé ẹjọ́ ní ẹni tó kó sójà tó lé ní 30,000 sórí ilẹ̀ kò lè sọ pé òun kò sí ńbẹ̀, ó sì dá Tọ́kì lẹ́bi. Àmọ́ ó di 2003 kí Tọ́kì tó san owó gbà-má-bínú fún un. Ìyẹn ló yẹ kó já yín láyà, kì í ṣe àìsí òfin. Ilé ẹjọ́ Strasbourg yìí kì í tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹni tí kò bá tíì rojọ́ dé òpin ní kóòtù ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rin péré ni onítọ̀hún ní láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ débẹ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ ìkẹyìn.

Nàìjíríà kò ní ẹ́ńbásì ní àríwá yẹn. Ankara ni tiwa wà. Ìjọba gúúsù, ìyẹn ìjọba Sáípírọ́ọ̀sì tí ayé gbà, sì ka ẹni tó bá gba Ercan, pápákọ̀ òfurufú àríwá, wọlé sí ẹni tó wọlé lọ́nà àìtọ́, nítorí náà kí ọmọ yín má fi eré dá ààlà tó pín ìlú Nicosia sí àríwá àti gúúsù kọjá.

N kò rí ìwé tẹ́ ẹ bá ejẹ́ǹtì tọwọ́ bọ̀. Ẹ mú un lọ fún lọ́yà tó lè kà á lójú yín. Rìsíìtì owó ilé-ìwé, orúkọ yunifásítì ni kó wà lórí rẹ̀. Bí ejẹ́ǹtì bá sì ní òun á máa bá ọmọ tọ́jú páṣípọ́ọ̀tù, ẹ gbowó yín padà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.