Farming Simulator lórí Linux: ibi tí tèmi ti há

Àbúrò, ohun tó ń ṣe ọ́ yẹn ti ṣe mí rí. O ní tí o bá ti tẹ Play, Farming Simulator 19, géèmù oko dídá yẹn, á gbé ojú dúdú wá, á pòórá láìsọ nǹkan kan, o sì ti tún Linux Mint, ètò tó ń darí ẹ̀rọ ẹ dípò Windows, fi sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀. Jọ̀ọ́, má tún un fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lèmi ṣe bẹ́ẹ̀ nílé mi ní Adó níbí, kò sí ìkankan tó ṣe mí láǹfààní nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Laptop tòkunbọ̀ ni tèmi, Intel ìran kẹrin (tí wọ́n ń pè ní Haswell), RAM 8 GB. Windows tó bá a dé ti ń fà bí ìgbín, ni mo bá gbé Linux sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ̀dà géèmù tí mo kọ́kọ́ ní, ọmọkùnrin kan tó ń fi nǹkan sínú flash tà ló tà á fún mi. Owó yẹn wọgbó. Ìgbà tí mo wá rà á bó ṣe yẹ lórí Steam, ṣọ́ọ̀bù géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mo fi dátà òru gbà á sílẹ̀ fún òru mẹ́ta, ìgbà yẹn ni ìyà tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ rèé. Géèmù yẹn ò gbọ́ èdè Linux. Wine, tí wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti 1993, ni ògbufọ̀ tó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì: géèmù á ní òun fẹ́ ṣí fáìlì báyìí lédè Windows, Wine á bá a sọ fún Linux. Proton tí Valve, ilé iṣẹ́ tó ni Steam, gbé jáde ní 2018, Wine yẹn náà ni, àmọ́ wọ́n fi ògbufọ̀ kejì tì í, DXVK, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwòrán nìkan ló ń tú, láti Direct3D, èdè àwòrán Windows, sí Vulkan, èyí tí Linux gbọ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá yadi, ojú dúdú ni wàá rí. Tèmi, àwọn méjèèjì ló yadi pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ níbẹ̀: bí mo bá tún ọ̀kan ṣe, ìkejì á ṣì máa gbé ojú dúdú kan náà wá, èmi á rò pé àtúnṣe tí mo ṣe ò ṣiṣẹ́, màá sì tún un bàjẹ́ padà.

Èyí àkọ́kọ́, tó mú Wine yadi, ni ibi tí mo gbé géèmù sí. Àyè pọ̀ lápá Windows nínú háàdì dísìkì mi, mo ní kí Steam kó o síbẹ̀. Proton máa ń ṣe fódà kan tó ń jẹ́ compatdata, inú ẹ̀ ló ti ń kọ́ ilé Windows ayédèrú fún géèmù. Nínú ilé yẹn, nǹkan kan wà tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ c: gan-an, pẹ̀lú àmì “:” tó wà lẹ́yìn ẹ̀ yẹn. Windows kì í gba irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ fáìlì, apá tí wọ́n fi NTFS tò fún un sì kọ̀ ọ́. Mo kó géèmù lọ sí apá Linux, ìyẹn ext4. Nínú Steam, mo lọ sí Properties géèmù náà, Installed Files, Move install folder. Ó ku díẹ̀ kó parí niná lọ, bátìrì mi sì ti kú tipẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Èkejì, tó mú DXVK yadi, ni Vulkan. Fi vulkan-tools sórí ẹ̀rọ ẹ, kí o kọ èyí sínú terminal, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ:

vulkaninfo --summary

Ohun tí tèmi kọ síbẹ̀ ni "MESA-INTEL: warning: Haswell Vulkan support is incomplete", ìyẹn ni pé Vulkan tó wà fún Intel ìran kẹrin kò pé. Ọjọ́ kìíní pàá ni mo ti rí ìlà yẹn o! Mo fò ó torí pé warning ni wọ́n kọ, wọn ò kọ error. Láti Proton 8.0, tó jáde ní 2023, Vulkan 1.3 ni wọ́n ń bèèrè, ọwọ́ ẹ̀rọ mi ò sì tó o. Mo lọ sí Properties, Compatibility, mo yan Proton 7.0, tí DXVK inú ẹ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Mo dín àwòrán kù sí Low, 1280 × 720. Ó ṣí.

Bàbá mi wá láti Ìlawẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wo katakata títí, wọ́n ní iṣu ńkọ́? Mo ní àgbàdo wà, òwú wà, ìrèké wà, iṣu nìkan ni ò sí. Wọ́n ní oko wo nìyẹn tí ò ní ebè kan ṣoṣo, wọ́n bá jókòó ti iyán wọn.

Bí Proton 7.0 bá kọ̀ fún ìwọ, kọ èyí sínú Launch Options, tó wà nínú Properties kan náà:

PROTON_USE_WINED3D=1 %command%

Ìyẹn á gba OpenGL, èdè àwòrán mìíràn tó ti pẹ́, kọjá dípò Vulkan. Á lọ́ra, mi ò ní parọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó ṣí.

O ò sọ irú laptop tí o ní, nítorí náà mi ò lè búra pé èwo nínú méjèèjì ló ń dà ẹ́ láàmú. Kọ PROTON_LOG=1 %command% sínú Launch Options yẹn ná, kí o ṣí géèmù kó tún pòórá. Fáìlì kan á jáde nínú fódà home ẹ, steam- ló máa fi bẹ̀rẹ̀, .log ló máa fi parí. Ó gùn gan-an, má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Bí o bá rí "No adapters found" nínú ẹ̀, ti Vulkan ni, má wulẹ̀ da háàdì dísìkì láàmú. Bí o ò bá rí i, tí géèmù sì wà lápá Windows, kọ́kọ́ gbé e kúrò níbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí o wá ṣí i wò. Tó bá ṣì dúdú, fi ogún ìlà tó kẹ́yìn ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ laptop náà, mo máa ń ráyè lálẹ́ tí iná bá wà.