Ọṣẹ ò hó, kẹ́tùlù ń hu ẹfun: ṣé kí n ra iyọ̀ ni àbí álọ́ọ̀mù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti Ìbàdàn la ti kó wá sí London, nǹkan funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù wa ṣáá, ọṣẹ ò hó, ara ọmọ mi tó ní eczema, àìsàn awọ ara tó máa ń yún yẹn, sì ń gbẹ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra iyọ̀ tó ń mú omi rọ̀, màmá mi ní álọ́ọ̀mù ni. Ṣé omi yìí dọ̀tí ni? Ìyá Ìkókó, Peckham.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Omi yẹn ò dọ̀tí rárá, ó kàn le ni. Ilẹ̀ ẹfun lómi ń gbà kọjá lágbègbè London, ó ń kó àwọn èròjà inú òkúta tí wọ́n ń pè ní calcium àti magnesium bọ̀, àwọn yẹn ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, tẹ́ ẹ bá sì sè é calcium á jókòó sídìí kẹ́tùlù. Ẹ máa mu ún, kò léwu.

Álọ́ọ̀mù tí màmá ń wí, omi tó rú ló ń mú tòrò, kò lè mú omi rọ̀. Iyọ̀ yẹn náà, ẹ jọ̀ọ́, wọn kì í bù ú sómi o! Inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ páìpù ló ń lọ, ẹ̀rọ yẹn ló ń gba calcium tó ń fi sodium, èròjà inú iyọ̀, dípò ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi táàpù kan sílẹ̀ ní kíṣìnì tí ò gba inú ẹ̀ kọjá, omi ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fi po mílíìkì ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí eczema rà á. Àwọn oníwádìí Nottingham gbé irú ẹ̀rọ yìí fáwọn ọmọ tó ní eczema, èsì jáde ní 2011: kò ṣàǹfààní ju ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Owó ńlá ni, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń rẹ́ǹtì ilé.

Fún kẹ́tùlù, ẹ bu fínígà funfun pọ̀ mọ́ omi, ẹ jẹ́ kó hó, ẹ fi sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ẹ ó rí i tí ẹfun yẹn á máa ṣí bí èèpo, kẹ́ ẹ wá ṣan án dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí fínígà pàdé bleach láéláé o, gáàsì olóró ló ń yọ. Fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, Calgon, èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ náà láti mú omi rọ̀, tàbí irú ẹ̀ ti tó. Ní ti ọmọ, ẹ dín ọṣẹ kù, ẹ ṣan án mọ́ tónítóní, kẹ́ ẹ fi ìpara tí dókítà bá fún un pa á lára kí omi tó gbẹ tán.