Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́ẹ̀lì fún Ọ̀nà Oko, àti Ọ̀rọ̀ Fífi Agbára Kún Ẹ́ńjìnnì

Kòkó ni mo ń rà ní àwọn abúlé ẹ̀yìn Ìdànrè. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kékeré kò lè dé ibẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tòkunbọ̀ tí yóò máa gbé àpò 15 lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ní Hilux, àwọn kan ní Navara, ẹlòmíì ní L200. Èwo ni kí n rà? (Oníkòkó, Ìdànrè)

Ẹ kú òwò o. Hilux ni kí ẹ rà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé torí pé kì í bàjẹ́ ni. Ó ń bàjẹ́. Ohun tó gbé e lékè ni pé bó bá dákú sójú ọ̀nà lónìí, ẹni tó mọ̀ ọ́n tú wà ní Àkúrẹ́, ohun èlò rẹ̀ sì kún ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó. Navara D40 tó ní ẹ́ńjìnnì YD25 fà dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ṣéènì táímìn rẹ̀ máa ń jẹ, ṣáàsí rẹ̀ sì máa ń dípẹtà bó bá ti pẹ́ lórí títì tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nílẹ̀ Yúróòpù nígbà òtútù. L200 kò burú. Ẹ kàn rí i pé mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n wà nítòsí yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù yín. Àpò kòkó kan jẹ́ kìlò 62.5, àpò 15 á sì di kìlò 937.5. Dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í á fi bíi 150 kún un. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin kò yẹ lẹ́ni tí ń gbé iye yẹn lójoojúmọ́. Onílẹ̀kùn méjì tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ni iṣẹ́ yín ń fẹ́. Tó bá jẹ́ onílẹ̀kùn mẹ́rin lọwọ́ yín bà, ẹ má jẹ́ kó ju àpò 10 tàbí 11 lọ.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì méjì ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn Hilux tó jáde láàárín 2005 sí 2015: 2.5 tó ń jẹ́ 2KD-FTV, àti 3.0 tó ń jẹ́ 1KD-FTV. 2.5 tí kò ní intercooler (ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì) kò ju 102 hp (agbára ẹ́ńjìnnì) àti 260 Nm (agbára yíyí) lọ. 3.0 sún mọ́ 170 hp, ó sì ní 343 Nm. Fún ẹrù yín, 3.0 ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: púpọ̀ nínú Hilux tó ń rìn nílẹ̀ wa, pẹtiróòlù 2.7 ló ń lò, kò sì sí ìnáwó nínú kéèyàn lẹ “D-4D”, àmì dísẹ́ẹ̀lì Toyota, mọ́ ọn lára. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ sì ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tiná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí ẹ́ńjìnnì tútù ni kì í lè fi àìsàn pa mọ́. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ń sọ̀rọ̀ nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n epo sínú sìlíńdà) tàbí kọ̀ǹprẹ́ṣọ̀n (bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) tó ti lọ sílẹ̀; èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bó ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tú ìdérí ojú ọ́ìlì, kí ẹ kàn gbé e lé ihò náà láì dè é. Tó bá ń fò sókè, tí atẹ́gùn ń tú jáde kíkankíkan, ríńgì pístìn ti jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná. Ẹ yọ páìpù rọ́bà tó gbé afẹ́fẹ́ láti inú àpótí fílítà lọ sí tọ́bò (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), kí ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀, kí ẹ fi nu ara rẹ̀ yíká. Bí ìka bá jáde pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀, kò léwu. Bó bá jáde pẹ̀lú eruku pupa, ẹ kí wọn kí ẹ máa lọ. Eruku tó bá ti ré fílítà kọjá á máa yún ríńgì àti ara sìlíńdà bíi sánpépà, kò sì sí ọ́ìlì olówó gọbọi tó lè dá ohun tó ti yún padà. Nígbà ọyẹ́, fílítà tí kò jókòó dáadáa nínú àpótí rẹ̀ ti tó láti ṣe é.

Ohun tó ń pa 3.0 gan-an kò hàn síta. Lábẹ́ nọ́sù kọ̀ọ̀kan, wáṣà bàbà kan wà tó dí i mọ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Bí wáṣà yìí bá ń jò, iná inú sìlíńdà á máa gba ẹ̀gbẹ́ nọ́sù sá wọ inú ọ́ìlì. Èédú á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá jọ, á sì dí àwọ̀n irin tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì. Tọ́bò àti bẹ́àrín kò ní rí ọ́ìlì mu mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì di. Nítorí náà, lọ́sẹ̀ tí ẹ bá rà á, kí wọ́n tú pánù ọ́ìlì, kí wọ́n fọ àwọ̀n yẹn, kí wọ́n sì fi wáṣà tuntun ojúlówó sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wáṣà tí wọ́n bá ti tú kò ṣeé dá padà. Bẹ́ẹ̀tì táímìn náà ń kọ́? Toyota ní 150,000 km; nínú ooru àti eruku ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 100,000. Bí ẹni tó tà á kò bá ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó di ẹrù àkọ́kọ́.

Hilux 3.0 ti ọdún 2012 ni mo fi ń gbé pákó. Ó ti wá ń rẹ̀ ẹ́ ní òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ẹnì kan ní òun á tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ tò kó lè di 220 hp. Ṣé kí n gbà? (Onípákó, Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà)

Ẹ má gbà. Agbára tí ọkọ̀ yín ní tẹ́lẹ̀ ti sọ nù síbì kan, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí owó kéré sí: fílítà dísẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà fílítà afẹ́fẹ́. Ẹ gbé táyà kọ̀ọ̀kan sókè, kí ẹ fọwọ́ yí i, bóyá bíréèkì ló ń dì í mú. Ẹ wo rọ́bà intercooler ní ibi tí wọ́n ti fi kílíìpù dè é: ibi tí ọ́ìlì bá ti ń sun, afẹ́fẹ́ tọ́bò ń jò níbẹ̀. Kí mẹkáníìkì tú EGR (fáàfù tó ń dá èéfín díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì) àti ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. Nínú ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ tó ti yín, èédú lè ti sọ ẹnu yẹn di tóóró. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìkánà ka iye tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣàtúnṣe epo nọ́sù kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ọkọ̀ sì dúró. Nọ́sù tí iye rẹ̀ bá ré 3 kọjá sókè, tàbí tó lọ sísàlẹ̀ ju -3 lọ, ti ń kú lọ. Ẹ má fi irú nọ́sù bẹ́ẹ̀ gun òkè pẹ̀lú ẹrù, torí èyí tó ń da epo jù lè la orí pístìn.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ má gbà rèé. Epo ni agbára nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì: ẹni tó bá fẹ́ 220 hp ní láti da epo púpọ̀ sí i. Epo tí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó á di èéfín dúdú àti ooru. Alumíníọ̀mù ni pístìn, alumíníọ̀mù sì ń yọ́ ní 660 °C. Lórí títì tó tẹ́jú, ooru yẹn á wá, á sì lọ. Ní òkè Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú pákó lẹ́yìn, kò ní lọ títí ẹ ó fi dé orí òkè. Àpótí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń so mọ́ wáyà tún burú ju àtòpadà kọ̀ǹpútà lọ, torí irọ́ ló ń pa fún kọ̀ǹpútà nípa bí epo ṣe ń tì tó, kí ìtì náà lè lọ sókè. Nọ́sù tí dísẹ́ẹ̀lì olómi ti ń jẹ kò ní pẹ́ kú sí i.

Ẹ wá wo ohun tí Toyota ti fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Jíà L4, jíà ìsàlẹ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà, ń sọ agbára yíyí di ìlọ́po 2.566. 343 Nm di 880. Kò sí ẹni tó lè fi kọ̀ǹpútà fún yín ní irú èyí. Ojú ilẹ̀ tó rọ̀ nìkan ni kí ẹ ti lò ó o, ẹ má fi í sí i lórí ọ̀dà. Nínú ẹrẹ̀, tí ọkọ̀ kò bá ru ẹrù púpọ̀, ẹ dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 20 psi, ẹ rìn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó bọ́ sí títì.

Bí owó àtúntò bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ra fílítà àkọ́kọ́ tó ń ya omi sọ́tọ̀, èyí tó ń sẹ́ dé 30 micron, kí wọ́n dè é ṣáájú fílítà ilé-iṣẹ́. Ẹ ra páìpù afẹ́fẹ́ tó ga dé òrùlé. Àwọn ènìyàn rò pé nítorí odò ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó mọ́ díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ ló ń fà, ìyẹn ló sì ń dá ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì sí.

Land Cruiser 79 tó ní ẹ́ńjìnnì 1HZ 4.2 ni mo ní. Kò ní tọ́bò. Ṣé ó dáa kí n fi ọ̀kan sí i? (Olóko, Ṣakí)

Ó ṣeé ṣe, ẹ́ńjìnnì yìí sì jẹ́ èyí tí a kò bá yín jà lé lórí, torí pọ́ǹpù rẹ̀ kò ní kọ̀ǹpútà, irin rẹ̀ sì nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ wọn kọ̀ǹprẹ́ṣọ̀n sìlíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ná. Tí iyàtọ̀ láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù bá ju 5 bar lọ, tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni, tọ́bò kọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìtì afẹ́fẹ́ ré 7 psi kọjá, torí kọ̀ǹprẹ́ṣọ̀n 1HZ ti ga ju 22 sí 1 lọ láti ilé-iṣẹ́. Kí wọ́n fi aago ooru sàláńsà sí i, kí ẹnu rẹ̀ tó ń mọ ooru wà ṣáájú tọ́bò, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ sókè tó bá ti ń lọ sí 700 °C. Kí wọ́n fi sàláńsà tó fẹ̀ sí i, kí páìpù ọ́ìlì tó ń padà láti tọ́bò máa dà sísàlẹ̀ láì tẹ̀. Ọ́ìlì, 5,000 km. Ẹ múra sílẹ̀ láti ra kílọ́ọ̀ṣì tó lágbára sí i. Ẹni tí kò bá lè ra aago náà, kó má ra tọ́bò.

Mo wà ní Manchester. Mo fẹ́ fi Hilux dísẹ́ẹ̀lì ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ni kí n wò? (Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ má rà á níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ wà ní Britain, Nàìjíríà kò sì gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyè lójú pópó láti ìgbà tí a ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún títì ní 1972. Béljíọ̀mù tàbí Jámánì ni kí ẹ ti wá a. Ẹ béèrè bóyá ó ní DPF, fílítà inú sàláńsà tó ń mú èédú. Dísẹ́ẹ̀lì Yúróòpù kò ní imí-ọjọ́ tó ju 10 ppm lọ. Tiwa lè pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, DPF á sì máa dí. Èyí tí kò ní DPF ni kí ẹ gbé wá fún bàbá.

Dúróòmù ni mo ń ra dísẹ́ẹ̀lì sí lóko. Ṣé ìyẹn lè ba Hilux mi jẹ́? (Àgbẹ̀, Ìsẹ́yìn)

Ó lè bà á jẹ́, pàápàá tí omi bá wà nínú rẹ̀ tàbí tí wọ́n bá da kẹrosíìnì lù ú, torí dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń fún pọ́ǹpù ní òróró, kẹrosíìnì kò sì ní òróró tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ abẹ́ dúróòmù lápá kan kó lè fì. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e dé. Kí ẹnu rọ́bà tí ẹ fi ń fà á ga tó ìwọ̀n ọwọ́ kan kúrò nísàlẹ̀, ní apá tó ga. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ tó tiná lówùúrọ̀, ẹ tú kọ́ọ̀kì abẹ́ fílítà ọkọ̀ sínú ìgò funfun kan títí tí omi kò fi ní jáde mọ́, kí ẹ sì dè é padà.